Èsì wa sí oníbàárà tó ní RAM 8GB òun kò lè pa nǹkan mọ́

Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ohun tó dùn yín síbí. Ẹ ní ayédèrú ni RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí fún ìgbà díẹ̀) tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, nítorí pé ẹ pa kọ̀ǹpútà alágbèéká yín dé lálẹ́ láìpa iná rẹ̀, kò sí iná títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí ẹ sì tàn án, ẹ kò bá lẹ́tà tí ẹ ń kọ níbẹ̀ mọ́.

A bá yín kẹ́dùn lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n bí ojúlówó RAM ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Nínú irú èyí tí à ń tà, tí onímọ̀ ẹ̀rọ Robert Dennard hùmọ̀ ìlànà rẹ̀ ní iléeṣẹ́ IBM lọ́dún 1966, tìránsísítọ̀ kan (tó ń ṣí ọ̀nà iná, tó sì ń tì í) àti kàpásítọ̀ kan (tó ń gba iná pamọ́) ló wà fún bíìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1 tàbí 0 kan: bí iná bá wà nínú kàpásítọ̀ yẹn, 1 ni, bí kò bá sí, 0 ni. Kàpásítọ̀ ọ̀hún kéré débi pé iná inú rẹ̀ ń jò dànù bí omi inú ajere, ìdí sì nìyí tí kọ̀ǹpútà fi gbọ́dọ̀ máa ka gbogbo rẹ̀, kí ó sì máa tún un kọ kí mìlísẹ́kọ́ǹdù 64 tó pé, èyí tó ju ìgbà 15 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àtúnkọ yìí kò ṣeé ṣe láìsí iná.

Bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà dé, ó sábà máa ń sùn lásán ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Sleep. RAM ṣì ń mu iná bátìrì díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin náà sì kọ ọ́ pé bátìrì yín kì í lo wákàtí kan mọ́. Hibernate ni kí ẹ máa lò: yóò da gbogbo ohun tó wà nínú RAM kọ sórí SSD, ibi tí fáìlì ń wà kódà bí kò bá sí iná, kí ó tó kú. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ju Sleep lọ kí ó tó jí, àmọ́ iṣẹ́ yín á wà níbẹ̀. Ní ti àyè fáìlì tí ẹ ní kò pọ̀ sí i, SSD ló ni ìyẹn, kì í ṣe RAM.

RAM tó bàjẹ́ máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti tàn, tàbí kí ojú rẹ̀ ṣàdédé di búlúù láàárín iṣẹ́. Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ gbé e wá ṣọ́ọ̀bù, a óò fi MemTest86, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín lọ́fẹ̀ẹ́, bí àṣìṣe kan péré bá sì jáde, a óò pààrọ̀ RAM náà lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò ọ̀hún lè gba wákàtí mélòó kan, nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ṣájà yín dání.