Ẹ Yé Pe Minecraft Ní Géèmù Olè

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bàbá kan rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbá Minecraft lórí fóònù, ló bá figbe ta: "Ẹ gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ ọmọ yìí o! Gbogbo géèmù tí wọ́n ti ń rìn kiri, olè àti ìpànìyàn ló ń kọ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di ọmọ Yahoo." Gbogbo àwọn tó jókòó ń mi orí. Mo kàn ní, "A gbọ́, bàbá," torí mi ò lè máa bá àgbà jiyàn níta. Àmọ́ irọ́ ni.

Mo mọ ibi tí irọ́ náà ti wá. GTA ni, géèmù tí èèyàn ti ń jí mọ́tò, tó sì ń yìnbọn. San Andreas, ọ̀kan lára GTA, jáde ní 2004, PS2 la fi ń gbá a nígbà yẹn, a sì jí mọ́tò nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Géèmù yẹn kò yẹ ọmọdé, ara páálí rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí: ọdún 18 ni PEGI, àwọn tó ń sọ ọjọ́ orí tó tọ́ sí géèmù ní Yúróòpù, fún un. Minecraft ńkọ́? Ọdún 7. Torí pé èèyàn lè rìn síbi tó bá wù ú nínú méjèèjì, ẹ wá sọ wọ́n di ọmọ ìyá kan náà.

Kí ló tiẹ̀ wà nínú Minecraft? Búlọ́ọ̀kù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú, ní gíga. Ọmọ á gé igi, á fi ṣe àáké, á wa òkúta, á yọ́ irin, á gbin àlìkámà, á kọ́lé. Mọ́tò tí yóò jí gan-an kò sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn òkú tó ń rìn á jáde. Tó bá lù wọ́n pa, wọ́n á di èéfín, ẹ̀jẹ̀ ò sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí wọn, kó yí i sí Peaceful, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí wọ́n jáde. Lóòótọ́, ó ń pa adìẹ níbẹ̀. Ta ni kì í pa adìẹ lọ́jọ́ ọdún?

Ibi tó wá kan èmi gan-an ni redstone. Oníṣẹ́ iná ni mí, mo máa ń ṣe wáyà fún ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní Under G. Redstone yìí, ìyẹ̀fun pupa ni, téèyàn máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí wáyà. Agbára rẹ̀ kì í kọjá búlọ́ọ̀kù 15. Tó bá dé ibẹ̀, ó ti kú, bí iná tí wọ́n fà jìnnà sí tiransifọ́mà ṣe máa ń rẹ̀wẹ̀sì, àfi kó o fi repeater, nǹkan tó ń sọ agbára rẹ̀ di ọ̀tun, gbé e dìde. Ọmọ tí mò ń wí yìí kò tíì wọ girama. Ó fi redstone ṣe súwìṣì àtẹ̀gùn, èyí tó o máa fi tan iná nísàlẹ̀, tó o sì máa pa á lókè. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tí mo ti fẹnu ṣàlàyé súwìṣì yìí fún títí, kò yé e. Orí fóònù ọmọ kékeré yẹn ló ti rí i kó tó yé e. Olè dà níbẹ̀?

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń lò ó. Láti 2012 ni UN-Habitat, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ilé gbígbé, àti Mojang, àwọn ará Sweden tó ṣe géèmù náà, ti ń lò ó kí àwọn aráàlú lè fúnra wọn kọ́ àwòrán ojúde àti pápá tí wọ́n fẹ́ ládùúgbò wọn. Nairobi wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é.

Àwọn kan á ní ọmọ aládùúgbò àwọn ń gbá géèmù, ó sì ń jalè. Ó dáa. Ó ń jẹ àmàlà náà.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ méjì, Przybylski ti Yunifásítì Oxford àti Weinstein ti Yunifásítì Cardiff, gbé ìwádìí jáde lórí nǹkan bí 1,000 ọmọ ọdún 14 àti 15 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bi àwọn òbí náà léèrè ìwà àwọn ọmọ wọn. Wọn ò rí i pé àwọn tó ń gbá géèmù oníjàgídíjàgan le ju àwọn yòókù lọ. Oníjàgídíjàgan gan-an nìyẹn o! Ìwádìí kan ò lè parí ẹjọ́, mo gbà, àwọn onímọ̀ mìíràn ṣì ń jiyàn.

Àbùkù rẹ̀ wà, kì í ṣe èyí tí ẹ ń pariwo rẹ̀ ni. Kò lópin: tó o bá pa dírágónì, ọ̀tá ńlá inú rẹ̀, tán, ayé yẹn ṣì ń lọ, kò sì síbi tí ọmọ á ti sọ pé "mo ti ṣe tán." Kì í ṣàlàyé ara rẹ̀, ọmọ tuntun á kàn dúró láàárín igbó. Wọ́n ń ta Minecoins, owó inú géèmù náà, nínú rẹ̀, owó gidi sì ni wọ́n fi ń rà á. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àjèjì lè bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti wà lórí fóònù, ó lè gbá a lóun nìkan láìsí dátà. Ní ilé wa, a ti pa multiplayer, ìyẹn gbígbá a pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, nọ́ńbà káàdì kankan ò sí lórí fóònù náà, tí bátìrì bá sì kú, eré ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí búlọ́ọ̀kù.