Kò sí ọmọ tó ń san gbèsè SS fún àbúrò rẹ̀

Àbúrò mi obìnrin bi mí ní ìbéèrè kan lọ́dún tó kọjá, níbi tí a jókòó sí nílé ìwòsàn kan nílùú Àkúrẹ́. Ọmọ oṣù méje wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, wọ́n gbóná, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn òun. Àbúrò mi ní, "Brọ̀dá mi, ṣebí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n sọ fún wa pé ó máa jẹ́ SS, pé ó máa ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba ọ̀kan yẹn. Báwo ni èyí ṣe tún jẹ́?"

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo mọ ìdáhùn. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ ìkómọjáde ọmọ yẹn, nígbà tí ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa gbọ́wọ́ lé orí ìkókó náà ní àgbàlá ilé wa ní Òkè-Àró, tí wọ́n ní, "Ẹ má bẹ̀rù mọ́. SS yín ti jáde lára àkọ́bí. Ó ti tán nìyẹn." Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Àwọn àgbà ló jókòó, mi ò sì fẹ́ ba ayẹyẹ jẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sílẹ̀, kò sì síbi tí mi ò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: ní Ọjà Ọba, nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó, lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, kódà lẹ́nu àwọn tó ń gba àfẹ́sọ́nà nímọ̀ràn kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ rèé: bí AS bá fẹ́ AS, tí wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ AA, méjì á jẹ́ AS, ọ̀kan á jẹ́ SS. Bí SS bá ti wọlé, kí wọ́n máa bí ìyókù lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Mo mọ ibi tó ti wá. Ọwọ́ àwa olùkọ́ ló ti wá. A máa ń ya àpótí kan sójú pátákó, a ó pín in sí yàrá mẹ́rin, a ó kọ A àti S ti bàbá sókè, A àti S ti ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ó wá kọ ohun tó bá bọ́ sí yàrá kọ̀ọ̀kan: AA, AS, AS, SS. Ọmọ iléèwé á dà á kọ, á lọ sílé, á sì gbà pé ọmọ mẹ́rin ni òun rí nínú àpótí yẹn. Yàrá mẹ́rin yẹn kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Oyún kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ọ̀nà mẹ́rin tí oyún kan lè gbà ni a yà síbẹ̀. Bí oyún mìíràn bá dé, àpótí tuntun ni, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wọnú ara lọ wò ó. Nínú gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì wa, kúrómósómù 46 ló wà, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tí ìlànà ara wa, tí à ń pè ní jíìnì, wà lórí wọn: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lórí kúrómósómù kọkànlá ni jíìnì tó ń kọ́ apá kan hẹmoglóbìn wà, ìyẹn purotéènì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí pé kúrómósómù kọkànlá jẹ́ méjì lára olúkúlùkù, ẹ̀dà jíìnì náà jẹ́ méjì. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì pé, AA ni. Ẹni tí ọ̀kan pé, tí ìkejì ní àṣìkọ, AS ni. Ẹni tí méjèèjì ní àṣìkọ, SS ni.

Àṣìkọ náà kéré débi pé ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Lẹ́tà kan péré ni. Níbi tó yẹ kí DNA, ìyẹn ohun tí a fi kọ jíìnì, kọ GAG, ó kọ GTG. Bí Yorùbá ṣe lè fi àmì ohùn kan sọ ọkọ ìyàwó di ọkọ̀ ojú títì náà ni lẹ́tà yìí ṣe ń yí ìtumọ̀ padà. Nínú ẹ̀wọ̀n amino acid 146, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí ara fi ń kọ́ purotéènì, tó para pọ̀ di apá hẹmoglóbìn yẹn, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà nìkan ló yí padà: valine gba ipò glutamic acid. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Vernon Ingram, ló rí i ní Cambridge láàrin 1956 sí 1957. Ìyókù bó ṣe yẹ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan yìí tó. Bí hẹmoglóbìn S bá ti gbé ọ́síjìn sílẹ̀, á lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, èkejì á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, títí wọ́n á fi di ọ̀pá gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí sẹ́ẹ̀lì náà á sì tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ kì í lè gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti AA máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń tán lára wọn. Àwọn bàbá wa tó pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè wo sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n wọ́n wo aláìsàn dáadáa.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Nígbà tí ara bá ń ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, kì í kó ẹ̀dà méjèèjì sínú ẹ̀. Ọ̀kan péré ló ń fi síbẹ̀. Nítorí náà ìdajì àtọ̀ ọkùnrin AS gbé A, ìdajì gbé S. Ojoojúmọ́ ni ara rẹ̀ ń ṣe àtọ̀ tuntun ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ẹyọ kan tó gbé S ló lò fún àkọ́bí. Kí wá ni ẹyọ kan já mọ́ nínú iye yẹn, tí a ó fi sọ pé S ti dín kù?

Ti obìnrin ló tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Inú ìyá rẹ̀ ló ti kó gbogbo ẹyin rẹ̀ jọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó ti ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sí méjì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyin yẹn kò tíì yan A tàbí S. Wọ́n kó méjèèjì dání, wọ́n sì ń dúró bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Oṣù tí ẹyin kan bá fẹ́ jáde nílé ẹyin ló tó bẹ̀rẹ̀ sí ju apá kan nù, tí yóò sì parí rẹ̀ nígbà tí àtọ̀ bá wọlé. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí àbúrò mi bí àkọ́bí rẹ̀, ẹyin tó di ọmọ kejì kò tíì pinnu ohunkóhun. Kò sí ọ̀nà kankan tí ìròyìn pé ẹ̀gbọ́n jẹ́ SS lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nínú kíláàsì mi báyìí, ẹ̀wà ni mò ń lò. Ẹ̀wà funfun kan àti pupa kan sínú àpò bàbá, funfun kan àti pupa kan sínú àpò ìyá. Funfun ni A, pupa ni S. Ọmọ kan á ki ọwọ́ bọ àpò méjèèjì láìwò, á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ohun tó mú sílẹ̀, á sì dá wọn padà. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú ní, "Sà, ṣé kò yẹ ká mú un kúrò ni?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ti ṣìnà. A rò pé ẹran mẹ́rin ló wà nínú ìkòkò, tí ọ̀kan nínú wọn bàjẹ́, tí ẹni tó kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ sì ti kó èyí tó bàjẹ́ lọ. Ara kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Ohun tí òbí fún ọmọ, ẹ̀dà rẹ̀ ló fún un. Ti òbí fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ìdílé 256 wà, tí bàbá àti ìyá jẹ́ AS nínú gbogbo wọn, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì bí ọmọ mẹ́rin. Bí ìṣirò bá lọ bó ṣe yẹ, ìdílé 81 kò ní rí SS rárá. Ìdílé 108 á ní ọ̀kan. 54 á ní méjì. 12 á ní mẹ́ta. Ìdílé kan á wà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ SS. Nítorí náà, "ọmọ mẹ́rin, SS kan" tí gbogbo ayé ń sọ, kò tó ìdajì ìdílé tó rí fún.

Ẹ padà wo 81 yẹn, nítorí wọ́n wà láàrin wa. Àwọn ló máa ń sọ pé, "Èmi àti ọkọ mi, AS ni wá, ọmọ mẹ́rin la bí, kò sí SS kankan níbẹ̀, ẹ má dá àwọn dókítà lóhùn." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ilé tiwọn. Àwọn míì nínú wọn máa ń sọ pé genotype àwọn ti yí padà. Genotype kì í yí padà. Bí ìwé àyẹ̀wò méjì bá ta kora wọn, àṣìṣe wà nínú ọ̀kan, ẹ lọ ṣe ẹ̀kẹta níbi tí ẹ fọkàn tán. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀dọ́ tó ń wá ìdí láti fẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn á gbọ́ ẹ̀rí 81, kò sì ní gbọ́ ti 54 àti ti 12, nítorí ẹni tó bí SS méjì tàbí mẹ́ta kì í sábà dìde sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà àtijọ́, orúkọ ló ń sọ ọ́ fún wọn: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòkúmọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ilé kan náà. Mi ò ní sọ pé SS ni gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú, ṣùgbọ́n ilé tó sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta mọ̀ pé ìbànújẹ́ kì í ka ọmọ kó tó wọlé.

Ìdàrúdàpọ̀ míì tún wà níbẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lórílẹ̀-èdè yìí ló jẹ́ AS. Ìyẹn tún jẹ́ "ọ̀kan nínú mẹ́rin", àwọn ènìyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Ti gbogbo ìlú ni ìyẹn. Ti oyún kan ni èyí tí mo ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí AC, ìyẹn ẹni tí ẹ̀dà kan pé, tí ìkejì ní àṣìkọ mìíràn tí à ń pè ní C, má tan yín jẹ, nítorí ó wà láàrin àwa Yorùbá: bí AS bá fẹ́ AC, ọmọ wọn lè jẹ́ SC, àìsàn nìyẹn náà.

Ẹ̀bi ń kọ́? Ìdílé ọkọ àbúrò mi ti ń sọ̀rọ̀ nípa "ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí" kí ọmọ kejì tó kúrò ní bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. S méjì ló ń sọ ọmọ di SS. Ìyá fi ọ̀kan sílẹ̀, bàbá fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn lójú ara wọn.

Àwọn kan tún bi mí pé kí ló dé tí ara ọmọ fi dá ṣáṣá lọ́jọ́ ìkómọjáde, tó fi tó oṣù bíi mélòó kan kó tó hàn. Jíìnì mìíràn ni ọmọ ń lò nínú oyún láti ṣe hẹmoglóbìn, àṣìkọ yẹn kò sì sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìbí ni ara ń rọra pa jíìnì yẹn, tí èyí tó ní àṣìkọ ń gba iṣẹ́ ṣe. Ó sábà máa ń tó nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí ìyàtọ̀ tó hàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wú sì lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ìkókó tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ AS fi gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ní kíákíá, kí wọ́n tó rí ohunkóhun, nítorí oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tó tètè bẹ̀rẹ̀ ń gba ẹ̀mí là. Fún oyún tó ń bọ̀, a lè mọ̀ kó tó bí: wọ́n lè mú díẹ̀ lára ibi ọmọ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11, tàbí omi tó yí ọmọ ká láti ọ̀sẹ̀ 15. Ẹ bi dókítà yín. Kí oyún tó dé ló dáa kí ẹ ti bi wọ́n.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé ẹ̀wà mi lọ bá ìyá àgbà wa ní Òkè-Àró. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sì ní kí wọ́n bá mi mú u. Ẹ̀ẹ̀kìíní, funfun àti pupa. Ẹ̀ẹ̀kejì, pupa àti pupa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti jáde nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, pupa àti pupa. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn pẹ́, wọ́n rọra dá ẹ̀wà náà padà sínú àpò méjèèjì, wọ́n sì ní kí n bá wọn pe àbúrò mi lórí fóònù.