A Wó Etí, A Ra Ẹnu

Bí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì bá tún gbéra lónìí, àárín ilé ìdáná ni wọn ó gbà wọlé. Ní oṣù kẹta ọdún 1851 tí Ọba Ghezo kó wọn wá sí Abẹ́òkúta, odi ìlú ló kọ́kọ́ dá wọn dúró, kí àwọn jagunjagun wa tó fi ojú wọn rí nǹkan lẹ́nubodè Àró. Wọ́n padà wá ní 1864, wọ́n tún bá odi níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tí odi gba baba ńlá rẹ̀ là ló wá ń gbé òòlù lóde òní, tó ń wó ogiri ilé ara rẹ̀ kí àyè lè gba tẹlifísàn.

Open plan ni wọ́n ń pè é. Ẹ wọ ilé ẹnikẹ́ni tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ fún ní Abẹ́òkúta, ẹ ò ní mọ ibi tí pálọ̀ parí sí àti ibi tí ilé ìdáná ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó jókòó sórí àga, ẹ ó máa ka iye ẹran tó wà nínú ìkòkò. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni. Àṣà òyìnbó bàwo? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá ìyá mi gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, kò sí ogiri kan tó dá a láàárín, gbogbo agbo ilé ló ń jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn mọ ohun tí èéfín ata ń fi ojú ṣe, wọn ò sì ní hóòmù tíátà, ẹ̀rọ tó ń sọ pálọ̀ di ilé sinimá, tí wọ́n fẹ́ gbé sínú ilé.

Hóòmù tíátà ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ìbarà tìtorí rẹ̀ wó ogiri méjì. Ọ̀kan wà láàárín pálọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń jẹun, èkejì wà láàárín ibi ìjẹun àti ilé ìdáná. Wọ́n tẹ́ táìlì tó ń dán bí ojú omi, wọ́n fi POP ṣe àjà, wọ́n wá gbé gíláàsì ràgàjì sójú fèrèsé kí àlejò lè máa wo àwọn òkúta lókèèrè. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí ni wọ́n tó lọ ra ẹrù: tẹlifísàn ínṣì 75, sípíkà márùn-ún, àti àpótí dúdú kan tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó. Ẹni tó tà á fún wọn ní "five point one" ló ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò béèrè ohun tí "point one" túmọ̀ sí. Wọ́n rò pé èènì ni.

Wúfà ni, àpótí dúdú yẹn. Òun ló ń sọ ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó máa ń mi àyà ènìyàn bí ìyá ìlù bá dún. Ohùn ìsàlẹ̀ yìí sì dà bí omi. Ẹ da garawa kan sínú ìkòkò àmù, ẹ ó rí i pé omi dé ibì kan. Ẹ da garawa kan náà sínú odò Ògùn, kí ẹ wá lọ dúró lórí afárá Làfẹ́nwá kí ẹ wá a. Yàrá tó ní ogiri mẹ́rin ni ìkòkò àmù. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni odò Ògùn, nítorí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ bá dé láìsí ilẹ̀kùn ni wúfà gbọ́dọ̀ kún: ibi ìjẹun, ilé ìdáná, orí àtẹ̀gùn, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, bọ́ǹbù bú nínú fíìmù, àwa tó wà lórí àga gbọ́ "pù" bí ìgbà tí wọ́n ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ tó wà nílé ìwẹ̀ lókè ló sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Kò sí ibi tí ohùn náà kò lè bọ́ sí, àfi ibi tí a jókòó sí.

Àwọn ohùn yòókù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n yàtọ̀ sí ti wúfà. Àwọn kì í sá lọ, wọn kì í sì í kú. Táìlì á gbá wọn sí POP, POP á gbá wọn sí gíláàsì, gíláàsì á dá wọn padà. Bí òṣèré bá ní "mo fẹ́ ọ", ẹ ó gbọ́ "fẹ́ ọ, fẹ́ ọ", ẹ ò sì ní mọ ẹni tó ń fẹ́ ta ni. Ẹ kàn lọ dúró nídìí Olúmọ kí ẹ ké, òkúta á dá yín lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ní ogiri létí. Ẹ̀gbọ́n mi wó etí, wọ́n wá ń fowó ra ẹnu.

Ẹ wá gbọ́ tẹ̀yìn. Sípíkà méjì nínú márùn-ún ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbẹ́ àga, kí ó fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ọta ìbọn lè máa fò kọjá létí ẹni. Kí ló wà lẹ́yìn àga ẹ̀gbọ́n mi? Ilé ìdáná. Wọ́n gbé ti òsì sórí fíríìjì, wọ́n gbé ti ọ̀tún sórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike gààrí. Lọ́jọ́ Àìkú kan báyìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú, ọkọ wọn ń wo ogun. Ṣójà kan yọ lẹ́yìn gààrí, ó yìnbọn. Màdáámù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìjábẹ̀ lọ sókè, àmì ewédú sì wà lára POP títí di òní. Sípíkà ọ̀tún ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ní wáyà rẹ̀ já. A ò mọ ẹni tó já a, a ò sì béèrè.

Ti òsì náà ò ṣe bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n fa oníṣẹ́ tó so ó wá, wọ́n fẹ́ dá a padà fún un pé ọjà tó kú ló tà fún wọn. Ọmọkùnrin náà bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sábà máa ń wò?" Fíìmù Yorùbá orí YouTube ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohùn méjì péré ló máa ń wà nínú wọn, tọ̀tún àti tòsì, níwájú. Kò sí ẹni tó gba ohùn kankan sílẹ̀ fún ẹ̀yìn. "Sípíkà yín ò yadi sà. Wọn ò fún un lọ́rọ̀ sọ ni."

Mi ò tíì sọ ti bílẹ́ńdà ìyàwó wọn. Kò sí ìgbà tí olólùfẹ́ méjì bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú fíìmù tí Màdáámù ò ní tan bílẹ́ńdà. Wọ́n ní kì í ṣe ìjà. (Ìjà ni.) Ọkọ á gbé ohùn sókè kí ó lè borí ata, ata á tán, ohùn á wá bẹ́ sílé aládùúgbò. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Èyí tí wọ́n là lẹ́nu yìí, òórùn irú ló gbà á wọlé, ó sì ti di onílé lára àga. Bí àlejò bá fẹ̀yìn tì í, òun àti ọbẹ̀ àná ni wọn ó jọ lọ sílé.

Ọ̀sán ńkọ́? Ọ̀sán, gíláàsì ràgàjì ọjọ́sí á gba oòrùn wọlé, oòrùn á lọ jókòó sójú tẹlifísàn. Ara wa là ń wò nígbà náà, ní ínṣì 75.

Ìmọ̀ràn tí oníṣẹ́ wáyà fún wọn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó ní kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kí wọ́n ta kọ́tìnì tó wúwo bo gíláàsì, kí wọ́n pààrọ̀ àga aláwọ sí aláṣọ, kí wọ́n kan fóòmù mọ́ ibi tí ó bá ṣófo. Ní kúkúrú, kí wọ́n máa ra ogiri tí wọ́n wó padà, ní yáàdì-yáàdì. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sáré lọ sí Ìtòkú, wọ́n ra àdìrẹ mẹ́wàá, wọ́n fi kọ́ gbogbo ara ilé. Ilé náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n àdìrẹ fẹ́lẹ́, ohùn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba inú ọjà. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, aṣọ òkè tí wọ́n fi gbé ìyàwó ni wọ́n ń yọ lápò, ojú Màdáámù ò sì dára.

Bíríkìlà tó wó ogiri náà ti wá wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní owó àtikọ́ yàtọ̀ sí owó àtiwó.

Yàrá kan ṣoṣo ni open plan ò dé nínú ilé náà, yàrá Màmá wa. Màmá ló kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n tó wó ogiri àwọn, kí wọ́n kọ́kọ́ sin àwọn. Yàrá náà ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá lọ. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wà nílẹ̀, kọ́tìnì méjì ló bo fèrèsé kan, aṣọ ọdún méloòó kan kún orí àpótí dé àjà, ilẹ̀kùn sì ń tì. Alẹ́ Sátidé tó kọjá ni mo dé ilé náà tí mi ò bá ẹnì kankan ní pálọ̀. Tẹlifísàn ń dá sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀lé ohùn ẹ̀rín lọ. Gbogbo wọn wà lórí ibùsùn Màmá, ìyàwó, àwọn ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n fi fóònù ti agolo mílíìkì, wọ́n ń wo fíìmù, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ pátá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè fún ìdí mi nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Màmá bèèrè.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. "Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n bá a dé?"

"Wọlé, kí o pa ilẹ̀kùn dé."