Ẹ Ṣírò Owó Òṣìṣẹ́ Kó Tó Bu Ọwọ́ Lu Lẹ́tà Ìfẹ̀yìntì

Kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ní Ìpínlẹ̀ Òndó bu ọwọ́ lu lẹ́tà ìfẹ̀yìntì láìtíì rí iye tí yóò máa gbà lóṣooṣù lórí ìwé. Ìjọba ló yẹ kó ṣírò rẹ̀ fún un, kó sì ti tètè ṣe é.

Òfin iṣẹ́ ọba ti sọ ìgbà tó di dandan: ọmọ 60 ọdún, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn kí ìgbà náà tó pé là ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ dé Alágbàka ní Àkúrẹ́, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti lé ní 50: owó iléèwé ọmọ ti dé, ọ̀rẹ́ kan sì ti ní kí wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n fi sin adìyẹ.

Lábẹ́ ètò pẹ́ńṣàn àtijọ́, ọdún iṣẹ́ àti owó oṣù ìgbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ṣírò pẹ́ńṣàn. Ẹni tó lo ọdún 10 ń gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Ẹni tó lo 35 ń gba ìdá 80. Ọdún tí èèyàn bá fi sílẹ̀ kì í padà wá.

Nínú ètò àdájọ, níbi tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti jọ ń dá owó pẹ́ńṣàn pamọ́, títètè fẹ̀yìntì náà ń dín owó oṣooṣù kù. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá 10 kún un. Bí ẹni ọdún 52 àti ẹni ọdún 60 bá ní iye kan náà nínú àpò pẹ́ńṣàn wọn, tí àwọn méjèèjì sì ní kí wọ́n máa yọ ọ́ fáwọn díẹ̀díẹ̀, ti ẹni 52 ni yóò kéré lóṣù, nítorí ọdún tí wọ́n máa pín in sí pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, owó gọbọi tó bá kọ́kọ́ kó ń dín toṣooṣù kù. Ìdí nìyẹn tí òfin pẹ́ńṣàn ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2014 fi ní kó ṣẹ́ èyí tó tó jẹ kù.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, kó máa lọ sinmi. Ẹ̀mí ju owó lọ. Àmọ́ kí òun náà mọ iye tó ń bá lọ sílé.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, ìpele rẹ̀ àti owó oṣù rẹ̀ wà nínú fáìlì. Kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí pẹ̀lú gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti pé 50, kí wọ́n kọ ìṣirò náà lédè Yorùbá pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi lé oníkálukú lọ́wọ́.