Bàálù ológun kò béèrè scanner olówó gọbọi

Ẹni tó bá fẹ́ ra scanner àfọwọ́mú, ìyẹn rédíò tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri láti frequency kan sí òmíràn, láti máa fi gbọ́ bàálù ológun ní Amẹ́ríkà, kíá ni wọ́n á ti ní kó lọ ra dígítà, irú SDS100 ti Uniden. Wọ́n ní nǹkan ológun kò lè jẹ́ ti ayé àtijọ́. Irọ́ ni. AM ni páílọ́ọ̀tì ológun ṣì fi ń bá tower, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, sọ̀rọ̀, bíi ti bàálù èrò. Ó nídìí: bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pa pọ̀ lórí FM, èyí tó lágbára á gbé ìkejì mì, lórí AM, etí á mọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé bàálù èrò ń lo frequency 118 sí 137 MHz, tó wà lára VHF, ológun ń lo 225 sí 400, tó wà lára UHF.

Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò. Scanner Uniden kan, BC75XLT, fò láti 174 bọ́ sórí 406 MHz, kò gba ti ológun. Òmíràn wọn, BC125AT, kò ní dígítà kankan, àmọ́ ó gba 225 dé 380. Ohun tó ń tan ẹni tó ra BC75XLT jẹ ni pé kì í dákẹ́ pátápátá. Òṣìṣẹ́ tower sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí VHF àti UHF lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ óò gbọ́ ọ ketekete tó ń ní kí bàálù ìjà F-16 gbéra ní bárékè Nellis, lẹ́bàá Las Vegas, ẹ ò sì ní gbọ́ èsì páílọ́ọ̀tì. Lẹ bá ní wọ́n ti fi ohùn rẹ̀ pa mọ́!

Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi òmíràn pa mọ́. HAVE QUICK, ètò rédíò ológun kan, ń fò láti frequency kan sí òmíràn, àwọn kan sì wà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tì. SDS100 náà kò lè ṣí i. Orí ilẹ̀ ni dígítà ti wúlò, fún ẹ̀ṣọ́ àti panápaná inú bárékè tó ń lo P25, irú rédíò dígítà kan, láàárín 380 sí 400 MHz, bí wọn ò bá tì í.

Eríàlì ni kẹ́ ẹ fi owó tó ṣẹ́kù rà, èyí tó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Bàálù tó wà lókè ní 30,000 ẹsẹ̀ bàtà lè wọlé láti ibi tó ju 300 kìlómítà lọ, kí bárékè tó wà lẹ́yìn òkè tòsí má sì wọlé rárá. Scanner yín ò bàjẹ́.

Ẹ̀yin ará Britain, ẹ rọra o: Wireless Telegraphy Act 2006 ka títẹ́tí sí irú ọ̀rọ̀ yìí láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.