Ẹ Jọ̀ọ́, Ṣé Mo Lè Gún Yín Lábẹ́rẹ́?

Ẹni tó bá ní òyìnbó ìṣègùn ló le, kò tíì ṣe OET, ìdánwò òyìnbó tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera ń ṣe ká tó lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílé ni mo ti ń fi òyìnbó ka orúkọ àìsàn àti iṣẹ́ abẹ, mo lè pe "cholecystectomy" lójú oorun. Wọn ò bi mí léèrè ìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi dán mi wò.

Ẹ gbọ́ o. Wọ́n á fún yín ní páálí kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ó fi múra. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tí ara rẹ̀ le koko á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí aláìsàn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò fẹ́ lo oògùn! Nọ́ọ̀sì, ó yá, pàrọwà sí i. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, òmíràn tún ń bọ̀. Nílé, tí mo bá ti ní "Màmá, ẹ kọjú sí ògiri," abẹ́rẹ́ ti wọlé kí wọ́n tó bi mí pé abẹ́rẹ́ kí ni. Níbí, mo ní láti tọrọ àyè kí n tó tọrọ àyè. Alága ìdúró gan-an kì í bẹ ẹbí ìyàwó tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà kíkọ náà wà níbẹ̀, ẹ ó kọ̀wé nípa aláìsàn sí dókítà, ìṣẹ́jú 45. Ẹ ò gbọdọ̀ bi dókítà pé ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ìwà àrífín pọ́ńbélé ni wọ́n ń fún ní máàkì! Ṣùgbọ́n ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún 2017 ni NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Britain, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba OET. IELTS, ìdánwò òyìnbó ti gbogbogbòò, lọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú wa ṣe, kí nọ́ọ̀sì odindi jókòó máa ṣàlàyé àwòrán gíráàfù.

Mo yege, mo dé wọ́ọ̀dù. Bàbá ẹni ọdún 84 kan ṣubú, egungun ìbàdí kán. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní John. John! Ẹnu mi ń pè é, orúnkún mi ń kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín? Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ó kàn ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀ ni. Bóyá méjì. Má ṣe wàhálà, ìwọ náà níṣẹ́ lọ́wọ́." Òyìnbó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n funfun tí mo rí lójú wọn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ìran wọn. Àtìgbà náà, iye tí òyìnbó bá pè, mo máa ń fi mẹ́fà lé e lọ́kàn mi kí n tó lọ pe dókítà.

Ìṣirò mi ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí wọ́n gbé ìyá Yorùbá wa kan wá láti Peckham, àdúgbò tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní London. Dókítà kékeré kan fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ọ̀rá abẹ́rẹ́ ni.

"Yéè! Mo gbé! Ọmọ mi, ìwọ nọ́ọ̀sì, o dúró o ń wò mí!"

Ẹ̀rù ba dókítà. Ó ní láti òdo dé mẹ́wàá ńkọ́?

"Mẹ́wàá kẹ̀? Kọ mẹ́tàdínlógún! Kó o sì kọ ti ẹ̀yìn mi lọ́tọ̀."

Dókítà yíjú sí mi, kí ni kí òun kọ sílẹ̀? Mo wo ìyá, ìyá wò mí.

Mo ní kó kọ méjì.