Ìdí ààrò gàrí ni kí iná kọ́kọ́ dé

Ẹni tó bá dúró létí Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wa, á mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa ṣiṣẹ́. Yàrà náà gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, ibòmíràn sì wà tó jìn tó 20 mítà láti orí ògiri dé ìsàlẹ̀. Kò sí katapílà nígbà náà. Apá ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, oúnjẹ tí wọ́n jẹ ló sì di agbára apá náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún: apá, ẹran ọ̀sìn, igi ìdáná, afẹ́fẹ́, omi. Èédú ló yí i padà. Ní 1712, Thomas Newcomen fi ẹ̀rọ tí èédú ń mú omi rẹ̀ hó fa omi kúrò nínú kòtò ìwakùsà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1769, James Watt gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí kì í jẹ èédú tó tàtẹ̀yìnwá. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń hun aṣọ, tó ń rọ irin, tó ń wa ọkọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èpè wá bá wa jà ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun wa kò ṣojo ní Ìmágbọn. Ìbọn Maxim tí ń yìn léraléra, ọmọ iná èédú, ló ṣẹ́gun wọn.

Lónìí ńkọ́? Ẹ yà sí ìdí gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá kan ń fi àfọ́kù igbá ro gàrí nínú agbada, ó ń fi etí ìró nu omi ojú. Èéfín ti sọ òrùlé di dúdú. Dísù ni ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ń mu. Bí dísù bá ti wọ́n, èrè ìyá yìí ló ń jẹ. Gàrí kíkan tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ wá nìyẹn o!

Òfin iná mànàmáná tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè pèsè iná, kí wọ́n sì tà á. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ láti ìdí gàrí. Iná sólà ojú títì dára, a kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, àmọ́ kò lè rin ẹ̀gẹ́. Kí sólà máa yí ẹ̀rọ àwọn ìyá wa, kí wọ́n sì mọ ààrò tí èéfín rẹ̀ ń gba òrùlé jáde fún wọn.

A bẹ àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, náà: bí ẹ bá ń dá owó aṣọ ọdún Ojúde Ọba tó ń bọ̀, ẹ dá ti ààrò kan mọ́ ọn.